Ọjọ́ Tí Mo Pe Màmá Lórúkọ

Tí mo bá ti gbọ́ ìró sẹ́lótéèpù, kódà lónìí tí mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta, ilé wa ní Sharjah, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Kì í ṣe sẹ́lótéèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí olùkọ́ fi ń lẹ ìwé o. Èyí tó fẹ̀, tó pọ́n rúsúrúsú, ni mò ń wí, tí Mọ́mì máa ń fà gbàrààrà yí páálí po, lẹ́ẹ̀mẹta lóòró, lẹ́ẹ̀mẹta níbùú, tí á sì fi eyín já a. Àjà kẹrin la wà, nínú ilé gogoro kan tí kò jìnnà sí Rolla, àárín ìlú Sharjah. Gbogbo fèrèsé ilé náà ló ní ẹ̀rọ amúlétutù tirẹ̀, gbogbo wọn ló ń kùn, gbogbo wọn ló sì ń kán omi sórí ọkọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Mọ́sáláṣí mẹ́ta ló yí wa ká, wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ìpè lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹ̀yìnkùlé á bẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á gbà á, ti ọ̀ọ́kán á wá sáré tẹ̀lé wọn bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Nísàlẹ̀, ará Pakistan kan tó ń ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ á máa gbá ìyẹ̀fun mọ́ inú ààrò rẹ̀, pà, pà, pà. Èmi ni wọ́n ń rán lọ ra búrẹ́dì náà láràárọ̀, mo sì máa ń jẹ etí ọ̀kan nínú lífítì kí n tó délé. Mọ́mì mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan rí.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù náà ló gbé wa débẹ̀. Houston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí Dádì ti kàwé tó sì ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Mo lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Sharjah ní kó wá máa bójú tó ẹ̀rọ àwọn ilé ńláńlá. Pásípọ́ọ̀tù àwọn òbí mi jẹ́ aláwọ̀ ewé, tèmi nìkan ló jẹ́ búlúù, èyí sì mú kí n máa rò lọ́kàn mi pé èmi ni ọ̀gá wọn. Mọ́mì ní tirẹ̀ kò jókòó lásán. Àwọn obìnrin tó ń ti Èkó wá ra ọjà ní Deira, ọjà ńlá tó wà ní Dubai, òun ló ń bá wọn di ẹrù tí wọ́n ń fi kágò ránṣẹ́ sílé. Pálọ̀ wa kún fún páálí débi pé a ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn kí a tó dé ìdí tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sórí ìdì aṣọ kí ó lè fún pọ̀ nígbà tí Mọ́mì bá ń so ó. Ó ní ìdí mi ò tíì wúwo tó, pé kí n máa jẹ ẹ̀bà dáadáa.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Mọ́mì máa ń dé sọ́dọ̀ wa tó bá wá, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibi tí mo ti ń bọ̀. Ní Houston, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tó ìyá àgbà mi, Linda ni mo sì ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Mo wo ìwé tí wọ́n so mọ́ báàgì àlejò yìí, mo ka orúkọ ara rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Hi, Risikat." Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Etí ló fi fà mí wọ ilé ìdáná. "Títí! Are you mad? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni? Ẹni tó ti bí àwọn tó jù ẹ́ lọ!" Mo ní orúkọ rẹ̀ ṣáà nìyẹn, wọ́n kọ ọ́ sára báàgì. Mọ́mì ní báàgì lè jẹ́ Risikat tó bá wù ú, èèyàn tó gbé e wá, Ìyá Ìbejì ni.

Ìyá Ìbejì gbé ìròyìn náà lọ sílé bí ẹni gbé ẹ̀bùn. Kò tó oṣù kan tó fi rìn láti Èkó dé Abẹ́òkúta, dé etí Màmá, ìyá tó bí Dádì mi. Màmá kò mọ̀wé kọ, nítorí náà inú kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí á sì fi rán oníṣòwò tó bá ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èyí dé, a jókòó sáàárín páálí, Dádì tẹ rédíò, ohùn Màmá sì jáde. "Wálé, mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó mi. Mo gbọ́ pé ọmọ yín ń pe àgbà lórúkọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mò ń bọ̀ wá fi ojú ara mi wò ó. Tí mo bá rí i pé ọwọ́ yín kò ká a, èmi àti ẹ̀ la jọ ń padà sí Abẹ́òkúta." Lẹ́yìn náà àkùkọ kan kọ nínú kásẹ́ẹ̀tì, a sì gbọ́ tí Màmá ń bi ẹnìkan pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Dádì rẹ́rìn-ín. Èmi àti Mọ́mì kò lè rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta tí mi ò dé rí. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì mi, mo fẹ́ràn etí búrẹ́dì mi, mo sì fẹ́ràn kí n máa sùn sórí ìdì aṣọ lọ́sàn-án kí Mọ́mì máa fa sẹ́lótéèpù létí mi. Mọ́mì pàápàá kò fẹ́ kí n lọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ kó ní òun ò gbà?

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ẹ̀kọ́ náà le ju ti ilé-ìwé lọ. Á to páálí mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á ní, "Eléyìí Màmá ni. Eléyìí àbúrò Màmá. Eléyìí ọ̀rẹ́ Dádì ẹ. Oya, kí wọn." Èmi á kúnlẹ̀ níwájú páálí ìkòkò, "Ẹ káàárọ̀ mà." Á ní orúnkún mi méjèèjì kò kan ilẹ̀, kí n tún un ṣe. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ "mà" kí ẹni tó pè ọ́ tó pè ọ́ tán, bí wọn kì í ṣe í na ọwọ́ òsì sí àgbà. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, mo kọ́ pé àgbà kò ní orúkọ. Ó ní ọmọ, ó ní àdúgbò, ó ní iṣẹ́, o lè fi ìwọ̀nyí pè é. Èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, kì í ṣe tìẹ láti gbé sẹ́nu. Lẹ́yìn oṣù méjì mo mọ̀ ọ́n débi pé mo kúnlẹ̀ fún ará Pakistan tó ń ṣe búrẹ́dì. Ó fún mi ní ọ̀kan sí i.

Ìgbà tó kan ìwé físà Màmá, èmi ni Dádì ní kí n kọ ọ́, nítorí pé ìkọ̀wé tirẹ̀ dà bí ìgbà tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tan ilẹ̀. A dé ibi tí wọ́n ti bi wá ní orúkọ àlejò. Dádì wúkọ́, ó wo ojú Mọ́mì. Mọ́mì dìde wẹ́rẹ́, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà. Mo bi Dádì pé kí ló ṣe Mọ́mì. "Kò fẹ́ gbọ́ ni. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ìyá ọkọ ẹ̀." Mo wá rántí pé lóòótọ́, kódà àbúrò Dádì tó kéré jù, tó ṣì wà nílé-ìwé, Adúmáadán ni Mọ́mì ń pè é, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Bí ẹ bá sì ń wí pé kí wọ́n fi orúkọ ọmọ pe Màmá, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n ì bá fi pè é, àkọ́bí yẹn sì kú ní kékeré, kò sẹ́ni tó fẹ́ rán an létí. Bí gbogbo ayé ṣe ń pè é ní Màmá lásán nìyẹn, tọmọdé tàgbà. Dádì tẹ̀ sí mi létí, ó sọ orúkọ náà, mo sì kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀: Moróunkẹ́jì. Nígbà tí mo wọ balùwẹ̀ mo ṣí omi, mo sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí n kàn gbọ́ bó ṣe ń dún lẹ́nu. Ó dùn ún sọ. Mo fẹnu mọ́ ọn bí ẹni tó jí súìtì.

Màmá dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn ń jó, òun àti àpò gàrí, èlùbọ́, àti irú tó wé ní ọ̀rá mẹ́fà tí gbogbo inú ọkọ̀ wa fi ń rùn. Mo rò pé èèyàn gàgàrà ni, bí ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe rí. Ẹni kékeré kan ló jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, tó wé gèlè dúdú. Mo kúnlẹ̀ gbọnrangandan sórí ilẹ̀ dídán pápákọ̀ òfurufú, àwọn èèyàn ń yà fún mi. Màmá wò mí láti orí dé orúnkún. "Amẹ́ríkà," ó ní, "dìde." Amẹ́ríkà ló ń pè mí láti ọjọ́ náà. Amẹ́ríkà, bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́. Amẹ́ríkà, wá wo iyanrìn tó tún wọlé yìí. Ìjà ńlá wà láàárín òun àti iyanrìn. Kí ìpè àárọ̀ tó parí, a ti máa gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀ ní báńkónì, fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń fi àkísà tútù nu gbogbo ojú fèrèsé, nígbà tó bá fi di ọ̀sán, iyanrìn á ti padà. Màmá á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Khalas." Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn, pé ó ti parí, ó sì ń lò ó níbi gbogbo tó bá ti wù ú.

Ilé wa dùn nígbà tó wà níbẹ̀, mi ò lè purọ́. Ó máa ń bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ará India tó wà nísàlẹ̀ láti ra ilá, òun á máa sọ Yorùbá, ọkùnrin náà á máa sọ èdè tirẹ̀, wọ́n á nájà títí, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn yé. Èmi tí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù nínú wa á kàn dúró bí ọ̀pó. Ilá náà ló fi ń se ọbẹ̀ tó ń yọ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, a ó fi jẹ ẹ̀bà lórí ẹní láàárín páálí, Màmá á sì máa fi ìka kan ti ẹran sọ́dọ̀ mi láìwò mí. Ó máa ń fọwọ́ kan ògiri bó bá ń kọjá, á ní, "Ilé tó wà lókè báyìí, kí ló gbé e dúró?" Mo ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo ń kúnlẹ̀ lọ́sàn-án, mo kúnlẹ̀ nínú lífítì nígbà tó sín. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wà lẹ́yìn ìdì kúbùsù nígbà tí Dádì bi í léèrè. "Màmá, báwo lẹ ṣe rí ọmọ yín sí?" "Ó mọ̀ ọ́n ṣe," ó ní. "Ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá láti inú rẹ̀ ló ti ń wá, àbí ẹ̀rù ló ń bà á. Màá sọ tèmi kí n tó lọ." Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì tí físà rẹ̀ máa parí nígbà tí a lọ sí Deira, èmi, òun àti Mọ́mì, ní àárọ̀ Thursday tí kò sílé-ìwé. Ó fẹ́ ra kúbùsù fún àwọn èèyàn rẹ̀ nílé. A wọ takisí alájọwọ̀ láti Rolla, nígbà tí a sì dé etí omi, ojú mi kún. Àwọn ọkọ̀ ojú omi onígi ńláńlá so kọ́ sétí bèbè, àwọn alágbàṣe ń gbé fíríìjì àti táyà wọ inú wọn, àwọn ẹyẹ funfun ń ké lórí omi, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní abra sì ń kó èèyàn lọ sí òdìkejì, wọ́n ń kó èèyàn bọ̀, ẹ́ńjìnnì wọn ń dún tùkùtùkùtùkù. Mọ́mì ní kí n di ọwọ́ Màmá mú dáadáa. Mo dì í mú. Kò pẹ́ tí Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í nájà kúbùsù, tí òun àti oníṣọ́ọ̀bù ń bá ara wọn fà á, Màmá ja ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Ṣé èmi ni ọmọdé ni? Fi mí sílẹ̀, Amẹ́ríkà, jẹ́ kí n na ara." Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí. Àgbà ní kí n fi òun sílẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, ìwà rere ló sì fà á.

Àwọn obìnrin oníṣòwò bíi márùn-ún ló kọjá, pẹ̀lú báàgì lórí, wọ́n ń sọ Yorùbá kíkankíkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí Màmá ti ń fetí wá ohùn ilé, ṣé ẹ rò pé ó máa dúró? Ó tẹ̀lé ohùn wọn ni, bóyá ó tiẹ̀ rò pé àwa náà wà láàárín wọn. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, gèlè dúdú ti lọ. Mo pariwo, Mọ́mì ju kúbùsù sílẹ̀, a sáré lọ sétí omi. A rí i. Ó ti jókòó láàárín àwọn obìnrin náà nínú abra, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ẹyẹ. Awakọ̀ ti tú okùn, ọkọ̀ ti ń yí imú.

"Màmá!" Mọ́mì ké. "Màmá o! Màmá!" Obìnrin mẹ́rin ló yíjú padà nínú ọkọ̀ yẹn, nítorí Màmá ni gbogbo wọn nílé tiwọn. Wọ́n rí obìnrin Yorùbá tó ń ju ọwọ́, wọ́n ju ọwọ́ padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, "Ẹ máa tẹ̀lé wa bọ̀ o!" Èmi náà ké pé, "Màmá, èmi ni o! Títí ni!" Ẹ́ńjìnnì gbé e mì. Ẹni tí à ń pè kò tiẹ̀ mira. Mọ́mì di awakọ̀ tó kàn mú lápá, ó ní kó yára gbé wa tẹ̀lé wọn. "Wait, wait, mádáàmù. Boat full, then yalla." Èèyàn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Mo wo òdìkejì omi, èrò tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Lárúbáwá ju khalas lọ, kò mọ orúkọ àdúgbò wa, kò ní nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ Dádì ní Sharjah. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún tó wọ àárín èrò, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Mo bojú wo Mọ́mì. Orúkọ yẹn wà lọ́fun rẹ̀, mo rí i tó ń lọ sókè sódò. Ó la ẹnu. Ó ní, "Ma..." Ó pa á dé. Ó tún là á, ohun tó jáde ni, "Ìyá ọkọ mi o! Yéè, ìyá ọkọ mi o!" Omi ti ń dà lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ló fi jẹ́ ìyàwó ilé wọn, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ọ̀ràn wá kù sọ́wọ́ èmi tí wọ́n torí ẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta. Ó yé mi kedere bí ọ̀sán, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: tí mo bá pe orúkọ yẹn láàárín Deira, lójú gbogbo ayé, mo ti fọwọ́ ara mi so ara mi mọ́ ọkọ̀ òfurufú Abẹ́òkúta. Mo ronú kan bẹ́ẹ̀dì mi, mo ronú kan búrẹ́dì. Mo wá wo ẹ̀yìn kékeré yẹn tó ń jìnnà lọ.

Mo gun orí ìdì ẹrù kan. Mo fa èémí, mo pè é, gbangba, láìfi mà sí i, láìfi nǹkan kan bò ó: "Moróunkẹ́jìììì!"

Màmá fò dìde kí ó tó yíjú. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, ọkọ̀ náà sì mì. "Òo!" ó dáhùn, ohùn rẹ̀ dún ganngan lórí omi bí ohùn ọmọdébìnrin. "Òo, Ìyá mi! Mo ń bọ̀ o!" Gbogbo obìnrin inú ọkọ̀ kọjú sí i. Awakọ̀ ń pariwo pé kó jókòó. Ìgbà náà ló tó yíjú, tó rí Mọ́mì lórí ilẹ̀, tó rí èmi lórí ìdì ẹrù, tó sì rí òun fúnra rẹ̀ lórí omi. Mọ́mì ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀, "Ẹ jókòó! Ẹ má sọ̀ kalẹ̀!" Àwọn obìnrin náà lóye rẹ̀, wọ́n bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ lọ, ó já wọn sílẹ̀, ó sì gbé Màmá nìkan padà bọ̀ pẹ̀lú èrò mìíràn, ó jókòó síwájú, ó di báàgì rẹ̀ mọ́yà.

Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀, mo ti kúnlẹ̀ sórí pákó tútù, mò ń sunkún. Mọ́mì kúnlẹ̀ tì mí. "Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọmọdé ni. Èmi ni kí ẹ bá wí." Màmá fà mí dìde, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ nínú takisí, nínú lífítì, títí a fi délé. Mo rò pé ó ti mú mi nìyẹn. Mo wọ yàrá, mo kó aṣọ mẹ́ta àti pásípọ́ọ̀tù búlúù mi sínú báàgì ilé-ìwé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi kí n lè rántí bó ṣe rí.

Dádì dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti gbọ́ lórí fóònù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, mo gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe." Màmá ń ṣa ìrẹsì nínú àwo, kò gbójú sókè. "Kí lo gbọ́?" Dádì ní òun gbọ́ pé mo pè wọ́n lórúkọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, ó pè mí. Ìyàwó rẹ kò pè mí ní tirẹ̀. Ìyàwó rẹ mọ ìwà hù, Wálé. Ó mọ ìwà hù débi pé ó ń wò mí lọ." Mọ́mì fi etí ìró bojú, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Màmá gbé òkúta kan kúrò nínú ìrẹsì, ó wò ó, ó jù ú nù. "Ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ìyá mi ni. Gbogbo àwọn tó mọ̀ mí ní orúkọ yẹn ti lọ. Mo gbọ́ ọ lórí omi lónìí, mo rò pé mo wà nílé ìyá mi ní Ìtòkú. Mo rò pé ọbẹ̀ ló jóná tí wọ́n fi ń pè mí." Ó tún ṣa ìrẹsì díẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba ọmọ yìí, ó sì pè mí síbẹ̀síbẹ̀. Láti inú rẹ̀ ló ti wá. Ẹ fi í sílẹ̀ síbí. Amẹ́ríkà! Wá tú báàgì tó o dì yẹn, kó o wá bá mi ṣa ìrẹsì." Ọlọ́run ló mọ bó ṣe mọ̀ pé mo di báàgì. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

Lóde òní, àwọn ọmọ mi ń kí àgbà dáadáa, èmi ni mo kọ́ wọn, páálí náà ni mo sì fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ orúkọ tí wọ́n sọ ìyá mi lọ́jọ́ ìkómọ, gbogbo wọn ló mọ tèmi. Mọ́mì ní mo ti bàjẹ́, pé Amẹ́ríkà kò tíì kúrò lára mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù sáré kọjá nínú iyanrìn àti ilá. Ní ọ̀sán tí Màmá ń lọ, Mọ́mì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, Màmá súre fún un, ó fọwọ́ kan orí mi, ó sì kọjá sí ẹ̀yìn gíláàsì níbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù. Nígbà tó débẹ̀, ó yíjú padà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí, ó dúró. Dádì ní, "Kí ló ń fẹ́? Àbí ó gbàgbé nǹkan ni?" Èmi mọ ohun tó ń fẹ́. Mo wo ojú Mọ́mì. Mọ́mì gbé ojú sókè, ó ń wo iná tó wà ní àjà bí ẹni tó fẹ́ nájà rẹ̀. Mo fa èémí, mo pè é. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì yẹn, ṣùgbọ́n mo rí ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Òo, Ìyá mi."